Iná Ìsàlẹ̀ Ọgbà

Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu kó máa tọ́ gbogbo ayé sọ́nà. Nígbà tó fẹ́ fi iná sí ojú ọ̀nà inú ọgbà ìyàwó rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní í pe oníṣẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ iná gan-an ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń ṣe jẹun. Bàbá ra tiransifọ́mà kékeré, irú èyí tó ń sọ iná ilé di iná wẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lè gbé èèyàn, ó kàn án mọ́ ògiri, ó na wáyà láti ibẹ̀, ó ri fìtílà mẹ́fà mọ́lẹ̀ létí ọ̀nà. Wọ́n tàn yòò. Màmá pàtẹ́wọ́ fún un.

Àtẹ́wọ́ yẹn kó sí i lórí. Ó fi méjì kún un, ó tún fi mẹ́ta kún un lẹ́ẹ̀mejì, títí fìtílà fi di mẹ́rìnlá lórí wáyà kan ṣoṣo, tí wọ́n tò lọ dé ìdí bẹ́ǹṣì tí Màmá ti máa ń gba atẹ́gùn ní ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn tó wà nítòsí ògiri ń tàn dáadáa, àwọn tìsàlẹ̀ ọgbà ń ṣe bíi tannátanná tí ara rẹ̀ ò yá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá fẹsẹ̀ kọ bíríkì níbẹ̀, ó forúnkún lulẹ̀. Látọjọ́ náà, kò dé ìdí bẹ́ǹṣì mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọra. Gílóòbù ló dá lẹ́bi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bá obìnrin tó ń ta ohun èlò iná lẹ́bàá títì, tó ní ayédèrú ló tà fóun. Obìnrin náà pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú ṣọ́ọ̀bù mìíràn." Bàbá fi ìbínú jáde.

Màmá ló pe àkọ́bí wọn lórí fóònù. Ó dé lọ́sàn-án Sátidé, àpò irinṣẹ́ léjìká.

"Ẹ káàsán, sà. Mo gbọ́ pé iná yín ń tòògbé."

"Gílóòbù burúkú ni wọ́n tà fún mi," Bàbá dáhùn.

Ọmọ lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà. Ó yọ gílóòbù fìtílà tó kẹ́yìn, ó fi pààrọ̀ ti àkọ́kọ́, ó tan iná, ó sì fọwọ́ ṣíji bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí òòrùn má baà bo ìmọ́lẹ̀ wọn. Gílóòbù tí Bàbá ní kò dáa ń tàn yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tó dáa ti ń tòògbé ní ìsàlẹ̀.

"Dádì, gílóòbù ò lẹ́ṣẹ̀."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wo gílóòbù náà. Ọmọ ti ń fi mítà wọn agbára iná. "Fólítì méjìlá ló jáde níbi tiransifọ́mà. Mẹ́jọ péré ló dé ìdí bẹ́ǹṣì. Tiransifọ́mà yín lágbára tó, sà, àmọ́ wáyà yín tín-ín-rín jù, ọ̀nà sì jìn."

Ó wa ilẹ̀ díẹ̀, ó fa ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ra jáde. Ọ̀rá búrẹ́dì ni wọ́n fi wé e. Omi ti wọ inú rẹ̀, bàbà inú wáyà sì ti dípẹtà.

"Ta ló so èyí?"

Bàbá gbójú sókè bí ẹni ń wá ẹyẹ. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Wọ́n ní láti ra wáyà tó nípọn, ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn nìkan ló sì ní in. Bàbá ní kí ọmọ máa dá lọ, pé orúnkún ń dun òun.

"Orúnkún Màmá ló lulẹ̀, sà. Tiyín kọ́."

Bí obìnrin náà ti rí wọn lókèèrè, ó ti páálí gílóòbù sábẹ́ tábìlì. Bàbá ṣí fìlà. "Ìyá, mo wá bẹ̀ yín ni. Ọjà yín dáa. Èmi ni mo so wáyà bí ẹni so ewúrẹ́."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ mu omi tútù."

Ọmọ na wáyà tuntun láti ara ògiri lọ tààrà sí àárín ọgbà, ó pín in níbẹ̀, fìtílà méje lápá ọ̀hún, méje lápá ìhín. Ó fi ìdè tí omi ò lè wọ̀ di ojú ìsopọ̀ wáyà, ó fọ ẹrẹ̀ ojú gíláàsì àwọn fìtílà kúrò. Bàbá ń bá a di wáyà mú, ó sì pa ẹnu mọ́, èyí tó ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ju iná lọ. Mítà ka fólítì mọ́kànlá ní ìdí bẹ́ǹṣì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá na ọwọ́ sí Màmá pé kí ó dì í mú. Màmá ní kí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sápò. Ó dá rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òdòdó kọ̀ọ̀kan han ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í. Bẹ́ǹṣì èèyàn méjì ni. Bàbá dúró, ó ń wò wọ́n títí, kí Màmá tó sún díẹ̀ fún un létí bẹ́ǹṣì.