Ohun Tó Wà Nínú Òkìtì Ajílẹ̀

Ọkọ́ náà wọ inú òkìtì dé ìdajì, ó sì gbé òórùn ẹja jáde. Sọ̀fíyàt dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú. Ẹja kò sí lára ohun tí òun ń kó síbẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́, ewé máńgòrò gbígbẹ, àti eérú díẹ̀ láti ìdí ààrò. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé ti kìlọ̀ títí: ẹ má fi ẹran sí i, ẹ má fi ẹja sí i, ẹ má sún mọ́ ọn pẹ̀lú oúnjẹ sísè. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sísàlẹ̀, ẹ da èèpo tútù lé e, ẹ tún fi gbígbẹ bò ó, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì máa yí i padà kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Bí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ, kò ní rùn. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni ẹ óò máa gbọ́. Sọ̀fíyàt ò ṣe irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀, nítorí náà ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bí ẹni ń tẹ̀lé ètò àlùwàlá.

Ìyá Ọpẹ́, olùkọ́ tó ń gbé lẹ́yìn ògiri, ti wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ará Pobè ni, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó kí i tán, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, kó tó wá sọ pé òun ò lè ṣí fèrèsé mọ́, pé bóyá eku ló kú síbi àkìtàn yẹn. Àkìtàn tó pè é dun Sọ̀fíyàt. Ajílẹ̀ ni, kì í ṣe àkìtàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, ó mú ọkọ́, ó lọ wá eku.

Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ajílẹ̀ náà. Lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀ ló lọ mú un wá láti Ṣakété, torí àwọn ará ilé ránṣẹ́ pé Ṣàrífátù ìyá rẹ̀ ń rù, pé kò sì yẹ kó máa dá gbé mọ́. Bí Ìyá ti dé Godomey, níbi tí Sọ̀fíyàt ń gbé, ó wo àgbàlá náà yí ká, iyanrìn funfun ló rí. Ó ní ilé tí èèyàn ò ti lè já ewé ẹ̀fọ́ kan, bí ibùdókọ̀ ló rí, èèyàn kàn ń kọjá lọ níbẹ̀ ni. Òótọ́ ló sọ. Iyanrìn ibẹ̀ kì í gba omi dúró. Ohun tí o bá gbìn sí i, oòrùn ní í jẹ ẹ́. Sọ̀fíyàt wá pinnu pé òun á ṣe ilẹ̀ dúdú fún ìyá òun, òun á sì gbin gbọ̀mà sí i, ẹ̀fọ́ tí Ìyá fẹ́ràn jù. Obìnrin tó fẹ́ràn oúnjẹ ni Ìyá jẹ́. Ní Ṣakété, wọ́n máa ń sọ pé bí Ṣàrífátù bá ń jẹun, ẹni tó ti yó á tún wẹ ọwọ́.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ìyá gbà ṣe nínú ilé: òun ni yóò máa da èèpo sórí òkìtì. Sọ̀fíyàt a máa jáde ní kùtùkùtù lọ sí ọ́fíìsì tó ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń báni yọ ẹrù ní pọ́ọ̀tù Kútọnù. Kó tó rí ọlọ́kadà tí yóò gbé e la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta Godomey padà wálé, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú. Yóò bá abọ́ Ìyá lórí tábìlì, fínnífínní, a ti dojú rẹ̀ dé. Yóò béèrè bóyá ó jẹun. Ìyá á ní òun jẹun, ó sì dùn. Ìdáhùn yẹn a bọ́ àárẹ̀ ọjọ́ kúrò lára Sọ̀fíyàt. Òun náà á wá bu tirẹ̀ wọ yàrá, á máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń wo fóònù.

Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tú òkìtì náà. Inú rẹ̀ gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tó bà á lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ kan, odidi, tòun ti ewé rẹ̀. Wọn ò tú u rárá. Ẹja wà lábẹ́ rẹ̀, orí àti ìrù pé. Ó mọ ẹja náà. Òun fúnra rẹ̀ ló dín in ní Ọjọ́bọ̀, tó fi ata àti àlùbọ́sà sí i níkùn bí Ìyá ṣe máa ń ṣe é nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó wa ìsàlẹ̀ sí i. Mọ́ínmọ́ín. Ìrẹsì tó ti so pọ̀ bí amọ̀. Ẹyin. Bó ṣe ń wa ìsàlẹ̀ ni oúnjẹ náà ń dúdú, títí kò fi dá èyíkéyìí mọ̀ mọ́, àfi egungun ẹja tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Gbogbo ohun tí òun ti sè láti ọjọ́ tí Ìyá ti dé ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ewé gbígbẹ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin orí rédíò ti wí.

Ó kọ́kọ́ bínú. Ṣé ọbẹ̀ òun ni kò dùn? Kò tíì parí èrò náà tó fi rántí pé ìró mẹ́ta ni Ìyá máa ń ró léra nínú ooru Kútọnù, pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dé balùwẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbínú náà rọlẹ̀, ẹ̀rù sì jókòó síbi tó ti dìde.

Ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, ó tún un wẹ̀. Ìyá wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀súbà. Sọ̀fíyàt wọlé, ó gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ wá nínú abọ́ kan ṣoṣo, ó jókòó kọjú sí i.

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ jẹun.”

Ìyá wo ojú rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀ tí dúdú ilẹ̀ ṣì há sí. Ó gé ẹ̀kọ bíńtín, ó fi í sẹ́nu, ó pẹ́ kó tó gbìyànjú àtigbé e mì. Kò lọ. Ikọ́ gbé e, gbogbo ara rẹ̀ mì, ọbẹ̀ gba imú jáde. Sọ̀fíyàt di èjìká rẹ̀ mú. Egungun ló dì mú.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti inú Ààwẹ̀.” Ìyá fi etí ìró nu imú. “Mo rò pé ọ̀fun mi gbẹ lásán ni. Omi ń lọ. Ògì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù, ńṣe ni wọ́n ń dúró.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Inú rẹ máa ń dùn bí o bá bá abọ́ lófìfo.”

Láti kékeré ni Ìyá ti máa ń sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó wá sí i lẹ́nu kó dá òwe náà padà fún ẹni tó ni ín. Ó gbé e mì.

Ìyá wá tú gbogbo rẹ̀ sọ, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò lè gbé oúnjẹ náà fún àwọn ọmọ Ìyá Ọpẹ́, wọn á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Sọ̀fíyàt. Kò lè dà á sínú garawa ìdọ̀tí, Sọ̀fíyàt ló ń gbé e jáde. Ó mọ àìsàn náà. Àìsàn yẹn ló pa Àdùní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun Ṣàrífátù ló sì tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ki rọ́bà bọ Àdùní nímú dé inú ikùn. Nígbà tó ń fà á yọ, wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ló kú sí, tó kọjú sí ògiri. Ìyá ní òun mọ ibi tí ọ̀nà yẹn já sí, òun ò sì fẹ́ tọ̀ ọ́. Ó kàn wu òun láti gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun fúngbà díẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sunkún lé òun lórí.

Sọ̀fíyàt bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí dókítà wo òun, ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tó lọ sọ ohun tó bá nínú òkìtì fún Ìyá Ọpẹ́, ìyẹn bo ẹnu, ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ baálé rẹ̀ jáde. Ó fi gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Dókítà náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, Faransé ló ń sọ, Sọ̀fíyàt ló sì ń túmọ̀. Nọ́ọ̀sì bọ́ ìró Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ti ń bọ́ ọ ni obìnrin náà ń kéré sí i, títí Sọ̀fíyàt fi gbójú kúrò. Dókítà fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀, ó dúró lójú kan, ó tún padà síbẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ajé àwọn á fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun náà kó tó dájú, àmọ́ ohun tó ba òun lọ́wọ́ yìí ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní àwọn lè fi rọ́bà sí i nímú lónìí kí oúnjẹ lè máa wọlé. Sọ̀fíyàt yíjú sí ìyá rẹ̀, ó lanu.

“Má wulẹ̀ túmọ̀ rẹ̀,” Ìyá wí. “Mo rí ojú rẹ. Sọ fún un pé mo dúpẹ́, àmọ́ rọ́bà yẹn, mi ò fẹ́.”

Ìyá ò gbọ́ Faransé. Ohun tó bá wu Sọ̀fíyàt ló lè sọ fún dókítà náà, kò sì sí ẹni nínú yàrá yẹn tí yóò mọ̀. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn ọwọ́ tó tín-ín-rín. Ó fojú inú rí okùn lára rẹ̀. Ó sì sọ ohun tí Ìyá sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Dókítà bi í lẹ́ẹ̀kejì bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni.

Wọ́n padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Sọ̀fíyàt gbẹ́ ihò jíjìn sí ẹsẹ̀ ògiri, ó kó gbogbo oúnjẹ jíjẹrà náà sínú rẹ̀, ó bò ó. Ó yí ìyókù òkìtì náà padà, ó da ewé gbígbẹ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò mọ̀ bóyá yóò di ajílẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá gbọ̀mà kan á hù níbẹ̀ kí ọjọ́ Ìyá tó pé. Ó kàn ń ṣe é torí pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣófo.

Lẹ́yìn ìrun Màgáríbà, ó po ògì ṣíṣàn, ó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ṣíbí bu ú sí Ìyá lẹ́nu. Díẹ̀ lọ. Díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde, ó nù ún. Nígbà tó yá, Ìyá gbọ́wọ́ sókè pé ó tó.

“Ìwọ ò tíì jẹun látàárọ̀,” ó wí. “Lọ bu tìrẹ wá. Jókòó síbí, kí n máa wò ọ́.”

Kò sí ohun tó ń wù ú jẹ, síbẹ̀ ó lọ. Ó gbé ẹ̀kọ wá, pẹ̀lú ẹja tó kù nínú ìkòkò. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbé e mì, ó sì rí i pé ọ̀fun Ìyá pẹ̀lú gbéra, ó lọ sókè, ó padà wálẹ̀. Ó jẹ òmíràn. Bákan náà ló rí. Ojú Ìyá ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Láti àárọ̀ ló ti ń ro oúnjẹ inú òkìtì náà bí ohun tí ìyá òun kọ̀. Kò rò ó rí pé ebi ń pa Ìyá.

Ó yọ egungun kúrò lára ẹja náà, ó tún bu òkèlè mìíràn, ó sì rọra jẹ ẹ́, ó jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu.