Àdúrà Tí Tinúkẹ́ Kò Ṣe Àmín Sí

Tinúkẹ́ dákẹ́ lórí pẹpẹ. Kò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kì í dákẹ́, gbogbo ìjọ sì gbójú sókè wò ó. Pásítọ̀ Japheth rò pé kò gbọ́ òun ni, ó tún gbólóhùn náà sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tinúkẹ́ ti gbọ́ ọ. Ó gbé máìkì sún mọ́ ẹnu, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn àgbàlagbà tó jókòó níwájú: Ọlọ́run ní kí Sọ́ọ̀lù lọ kọlu àwọn ará Ámálékì, kí ó pa wọ́n láìku ẹnì kan, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, títí kan ọmọ tó ṣì ń mu ọmú.

"Àmín," ni àwọn kan wí, nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára.

Ọdún kẹfà rèé tí Tinúkẹ́ ti ń túmọ̀ ìwàásù nínú gbọ̀ngàn kékeré náà ní Plumstead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìyá àti bàbá tí ọmọ wọn mú wá láti Nàìjíríà kí wọ́n wá bá wọn tọ́mọ, tí Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ni ó ń túmọ̀ fún, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni pásítọ̀ fi ń wàásù fún àwọn ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, inú rẹ̀ máa ń dùn sí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ yìí, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ti wẹ àgbàlagbà mẹ́ta láàárọ̀ kí ó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí iṣẹ́ carer, ìyẹn títọ́jú àwọn aláìsàn nílé wọn, kò mọ Sọ́ńdè, orúnkún rẹ̀ sì ń ro ó.

Pásítọ̀ Japheth gbé lẹ́tà kan sókè. "Ẹ̀yin ará, Ámálékì tiwa ò jìnnà sí wa. Ẹ ti gbọ́ pé ará ilé ẹ̀gbẹ́ wa kọ̀wé sí káńsù pé ariwo wa pọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lé e lórí. Bí wọ́n bá lé wa níbí, a ò ní ibòmíràn. Ọdún mẹ́sàn-án la fi wá gbọ̀ngàn yìí. Nítorí náà, a máa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a máa péjọ, a máa gbé ẹni náà síwájú Ọlọ́run, kí Ó ṣe é bí Ó ti ṣe Ámálékì. Kí ó má rí Ọjọ́bọ̀."

Tinúkẹ́ túmọ̀ gbogbo rẹ̀, títí dórí gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Mr Kenneth ni, ọkùnrin tó ń gbé ilé tí òun àti gbọ̀ngàn náà jọ ń lo ògiri kan. Láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, Tinúkẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Lẹ́tà tí ọkùnrin náà kọ sí káńsù gan-an, òun ló bá a jù ú sínú àpótí lẹ́tà, láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Mr Kenneth fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ ohun tí carer bá rí nílé aláìsàn, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi í sí. Bí ó bá tú u síta, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Nígbà tí ìsìn parí, tí ó ń ká wáyà máìkì, Màmá Fadérera fi ọ̀pá pè é. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Thamesmead North ló ń gbé, kò sì jẹ́ pa Sọ́ńdè kan jẹ.

"Tinúkẹ́, jókòó. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Ọmọ ọmú tí o dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí ló ṣe?"

"Èwo, Mà?"

"Ti Ámálékì. O ní kí wọ́n pa á mọ́ wọn. Mo ní, kí ló ṣe?"

"Mà, ohun tí pásítọ̀ sọ ni mo sọ. Ó wà nínú Bíbélì."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́." Màmá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. "Nígbà tí ìlú wa àti ìlú kejì ń jà nítorí ilẹ̀, ibi yẹn gan-an nínú Bíbélì la kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa kí àwọn ọkùnrin tó jáde. Àwọn tọ̀hún náà kà á nínú tiwọn. Àwọn la pè ní Ámálékì, àwa ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí ìbọn bà á. Oṣù mẹ́jọ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn."

Tinúkẹ́ di ìyá náà lọ́wọ́ mú títí ọmọ rẹ̀ fi gbé mọ́tò dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Mr Kenneth ti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí Tinúkẹ́ tó wọlé, ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ. Orúkọ Tinúkẹ́ kò rọrùn fún un láti pè, Tina ló ń pè é.

"O pẹ́," ó wí.

"Bọ́ọ̀sì ni, Mr Kenneth. Ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin wọ̀nyí kì í ṣàìní àwáwí."

Ó ti mọ́ Tinúkẹ́ lára. Ó bọ́ ẹ̀wù ọkùnrin náà, ó rẹ kànrìnkàn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn. Awọ ara ọkùnrin náà ti fẹ́lẹ́ débi pé ó gbọ́dọ̀ rọra nù ún, bí ẹni ń nu ẹyin.

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa pa àwọn ènìyàn rẹ lẹ́nu mọ́," ni ọkùnrin náà wí.

Tinúkẹ́ fọ kànrìnkàn. Ó lè dákẹ́. Ó ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. "Mr Kenneth, èmi náà máa ń wà níbẹ̀. Ohùn obìnrin tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ti pásítọ̀, èmi ni."

Ọkùnrin náà rọra yí ojú padà. "Ìwọ ni? Ẹni tó máa ń tún gbogbo rẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kejì?"

"Mò ń túmọ̀ fún àwọn ìyá wa ni."

"Orí bẹ́ẹ̀dì yìí ni Michelle kú sí," ni ọkùnrin náà wí. Ìyàwó rẹ̀ ni Michelle; ó ti kú kí Tinúkẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé náà. "Sọ́ńdè ni. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé etí mi lé ẹnu rẹ̀. Ìlù ni mo gbọ́, àti ìwọ. Mi ò mọ ohun tó sọ títí di òní."

Ọwọ́ Tinúkẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Mr Kenneth, ẹ forí jì mí."

"Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Omi ti ń tutù."

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú yàrá rẹ̀ ní òpópónà Yarnton Way, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó sì gbé Bíbélì sórí tábìlì. Ó ka ọ̀rọ̀ Ámálékì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá ibì kan wà tí ó ti ṣì í túmọ̀. Kò ṣì í. Ó ṣí lọ sí ibòmíràn, ó tún ṣí lọ sí ibòmíràn. Ojútùú tó wá fún Màmá Fadérera, kò rí i. Ohun kan ṣoṣo tó dì mọ́ ọn lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ abúlé Samáríà kan tí kò gba Jésù wọlé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ti ka ìwé àwọn wòlíì, ní kí àwọn pe iná sọ̀ kalẹ̀ lé wọn lórí. Jésù bá wọn wí, wọ́n sì lọ sí abúlé mìíràn. Tinúkẹ́ ti túmọ̀ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò tíì kà á fún ara rẹ̀.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó bá Pásítọ̀ Japheth nínú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ takisí dé ni. Ó gbé orí lé tábìlì. Ojú rẹ̀ ti wọlé láti ara ààwẹ̀.

"Sister Tinúkẹ́, ẹ wọlé. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Sà, àdúrà alẹ́ yìí ni. Mi ò lè túmọ̀ pé kí ọkùnrin yẹn kú."

"Kí ló dé?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ìjọ ló mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Pásítọ̀ kò bi í. Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé Bíbélì purọ́?"

"Rárá, sà. Ìwé mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí à ń kà yìí ni Jésù náà kà. Nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́ ní Samáríà, kò pe ẹnikẹ́ni ní Ámálékì."

"Wọn ò gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ Jésù." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí agbára ti tán nínú rẹ̀. "Sister, àwọn ìyá wọ̀nyí kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbọ́ èdè wọn. Bí wọ́n bá ti ibí pa, inú ilé ni wọ́n máa jókòó sí, wọ́n á máa wojú tẹlifíṣọ̀n títí wọn ó fi kú. Kí ni kí n ṣe?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dé ibí, ẹnì kankan nínú wa ò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí."

Pásítọ̀ wo aago, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì jáde lọ sórí pẹpẹ. Tinúkẹ́ tẹ̀ lé e, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè túmọ̀.

Orin lọ, Bíbélì kíkà lọ. Lẹ́yìn náà, pásítọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn dìde. Ó di ojú, ó sì sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ilẹ̀ ọ̀la má mọ́ bá ẹni tó dojú ìjà kọ ilé Ọlọ́run. Àwọn ọ̀dọ́ dáhùn. Àwọn àgbàlagbà kọjú sí Tinúkẹ́, wọ́n ń dúró.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi," ó wí, "pásítọ̀ ní kí a gbàdúrà pé kí ará ilé ẹ̀gbẹ́ wa kú kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ṣùgbọ́n èmi ò ní ṣe àmín sí i. Ẹ forí jì mí."

Ó gbé máìkì lé àga, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Fadérera. Ìyá náà jókòó, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyá kejì náà jókòó, lẹ́yìn náà bàbá kan. Àwọn yòókù dúró, wọn kò mọ èyí tí wọn ó ṣe. Ẹnì kan ń kùn lẹ́yìn pé irú ìwọ̀sí wo rèé. Pásítọ̀ Japheth la ojú, ó wo ìlà iwájú. Ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá, ó rọra ka ibi ìdáríjì, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kò bá Tinúkẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́ yàrá máìkì lọ́wọ́ Tinúkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì wo ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí Tinúkẹ́ ti ń fi aṣọ ìnura nu ẹsẹ̀ Mr Kenneth, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn nísàlẹ̀. Ó lọ wo ojú fèrèsé. Pásítọ̀ Japheth ló dúró nínú òjò wínníwínní, òun nìkan, láìmú Bíbélì dání. Tinúkẹ́ kò mọ̀ bóyá ó wá bẹ ọkùnrin náà ni, tàbí ó wá bá a jà, tàbí òun alára kò tíì mọ̀.

"Ta ni?" ni Mr Kenneth bèèrè.

"Pásítọ̀ tí ẹ kọ̀wé mọ́ ni."

Ọkùnrin náà fa atẹ́gùn sínú lẹ́ẹ̀mejì. "Kí ló fẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Ṣé kí n ní kó máa lọ?"

Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn, kò le tó ti àkọ́kọ́. Mr Kenneth wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì tó ṣì tutù, ó wo ògiri. "Kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù fún mi," ó wí. "Kí ó má bá mi ní ìhòòhò."

Tinúkẹ́ wọ ẹ̀wù fún un, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn.