Àrọ̀ Mẹ́fà Inú Gíláàsì

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí màmá mi ti ń yan ẹja tà létí ọ̀sà ní Bàrígà. Lójú tiwọn, ẹja tí kò bá lè wọ ìkòkò, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ gbé àpótí gíláàsì sí pálọ̀ wa ní Bajulaiye, kí n gbin ewéko sínú omi rẹ̀, kí n sì máa sin àrọ̀ kéékèèké tí kò gùn ju ìka lọ, wọ́n wò mí títí.

“Rebecca, mélòó nínú wọn ló máa kún àwo?”

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, owó mi sì ni mo fi ra gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, n kò ní purọ́: mo fẹ́ kí màmá mi wo nǹkan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, kí wọ́n sọ pé ó dára. Wọn kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀.

Yanrìn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Irú àrọ̀ yìí kì í kúrò nísàlẹ̀ omi. Ẹnu ló fi ń tú ilẹ̀ wá oúnjẹ. Yanrìn líle tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù á jẹ irùngbọ̀n rẹ̀ tán ni. Mo wá èyí tó kúnná, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje kí omi rẹ̀ tó mọ́. Mo se gbòǹgbò igi kan fún odidi ọ̀sán, mo fi òwú so ewé mọ́ ọn, mo gbin ìyókù sẹ́yìn, mo sì tan ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Lẹ́yìn náà, mo fi omi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìfi ẹja kankan sí i, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbilẹ̀ níbẹ̀.

“Omi lásán lò ń sìn?” Màmá ń bèèrè lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n mí. Wọ́n ní mo ti ń fojú di àwọn nítorí gíláàsì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún pé, ní Sátidé kan, mo ra àrọ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ Godspower, tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Akoka. Bí mo ṣe tú wọn sílẹ̀, ó di ìsàlẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á ta sókè, á gbé atẹ́gùn mì lójú omi, á tún padà. Bí irú wọn ṣe ń mí nìyẹn. Màmá fa àga jókòó.

“Òṣìṣẹ́ làwọn wọ̀nyí o,” ni wọ́n sọ. Wọn ò kúrò níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣáájú mi. Nígbà tí mo wọlé, àrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí èyí tó fara balẹ̀. Ojú omi ń dán. Ìgò òróró àdúrà Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì.

“Mo ti yà á sí mímọ́ fún ẹ!” Màmá ké láti ilé ìdáná.

Ohun tí Màmá kò bá fẹ́ràn, wọn kì í ta òróró sí i. Ààrò ẹja wọn gba tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí mi gba tirẹ̀. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń wá lọ́wọ́ wọn náà ni wọ́n dà sínú omi yẹn. Bí mo bá pariwo, wọn ò tún ní fẹ́ rí i sójú mọ́. Bí mo bá dákẹ́, òróró tó bo ojú omi á sé èémí mọ́ ẹja nínú.

“Ẹ ṣé, Màmá,” ni mo sọ. Mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo kó bébà funfun tí mo ti gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ sójú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè fa òróró kúrò.

“Kí lò ń ṣe?” Màmá ti wọlé pẹ̀lú àwo ìrẹsì.

“Eruku ni, Màmá.”

Wọ́n gba bébà náà, wọ́n gbé e sójú fèrèsé, wọ́n fi ìka ra á. Wọ́n wo inú gíláàsì, wọ́n sì rọra jókòó.

“Ọdún tí mo lóyún ẹ, epo rọ̀bì dé sórí omi wa ní Ìlàjẹ,” ni Màmá sọ. “Bí ẹja ṣe gòkè tó ń lanu nìyí. Àwọ̀n bàbá ẹ dúdú, kò ṣeé fọ̀ mọ́. Ìyẹn la ṣe kó wá sí Bàrígà.”

Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjà ló gbé wọn wá sí Èkó.

“Ọma mi, mo rí wọn tí wọ́n ń gòkè lẹ́yìn àdúrà. Mo rò pé wọ́n ń yọ̀ ni.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́bi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bébà. Ọwọ́ wọn fúyẹ́ ju tèmi lọ. A jọ ṣe é, a ń bu omi kúrò díẹ̀díẹ̀, a ń fi òmíràn rọ́pò. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, àrọ̀ mẹ́rin ti padà sórí yanrìn. Méjì kú. Màmá fọwọ́ ara wọn kó wọn jáde.

“Kí ló dé tí o ò pariwo mọ́ mi?”

“Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní fẹ́ràn wọn mọ́.”

“Àwa pariwo nígbà yẹn,” ni Màmá sọ. “Àwọn tó da epo sómi ò gbọ́. Èmi ìyá ẹ ni mo da tòní. Ṣé èmi náà ò ní gbọ́ ni?”