Ọwọ́ Bana Chansa

Bọ́ọ̀lù ni ohun àkọ́kọ́ tí Chansa mú rìn nínú kọ̀ǹpútà. Kò ní olùkọ́. Ó yá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ aládùúgbò, ó ń sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀ síméǹtì ẹ̀yìnkùlé wọn ní Chamboli, àdúgbò kan ní Kitwe ní Zambia, ó ń fi fóònù gba fídíò rẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá máa wo àwòrán inú fídíò ọ̀hún níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìyára bọ́ọ̀lù kì í dọ́gba. Bó bá ń lọ sókè, á máa falẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀, á sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ọjọ́ tó rí èyí ṣe nínú kọ̀ǹpútà, tí nǹkan róbótó tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ta nílẹ̀ tó sì wúwo lójú bíi bọ́ọ̀lù gidi, igbe tó ké mú ìyá rẹ̀ sáré wọlé tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

"Màámi, ẹ wo bọ́ọ̀lù!"

Bana Chansa, bí àdúgbò ṣe ń pe ìyá rẹ̀, wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Bọ́ọ̀lù lo ń torí ẹ̀ pariwo bí ẹni tó bí ìbejì. Ó dáa. Ta ló gbá a wọlé?"

Láti orí bọ́ọ̀lù, Chansa bọ́ sórí àpò ìyẹ̀fun. Láti orí àpò, ó bọ́ sórí èèyàn. Èèyàn ló le jù. Bọ́ọ̀lù kò ní ohun tó ń rò. Ṣùgbọ́n èèyàn, kó tó lọ síbì kan, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì ibẹ̀. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá: ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ fò á kọ́kọ́ lóṣòó mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ju òkúta síwájú á kọ́kọ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bí o bá fo ìyẹn, èèyàn inú àwòrán á kàn máa lọ bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà ni. Inú Chansa máa ń dùn sí irú nǹkan báyìí ju oúnjẹ lọ. Bó bá ti rí ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń fa omi, á dúró sójú títì, á máa wo ibi tí agbára ti ń bẹ̀rẹ̀ lára onítọ̀hún, títí tí wọ́n á fi bú u pé kí ló ń wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdùnnú nìkan ló ń lé e. Bàbá rẹ̀ ti kú sábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà nígbà tí Chansa wà ní kékeré, láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń din fitumbuwa, irú àkàrà ìyẹ̀fun kan, nítòsí ẹnu ọ̀nà ibi ìwakùsà, nínú èéfín, lórí àpótí kékeré, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe kátúùnù fún àwọn ọmọdé ní Lusaka kéde pé àwọn ń wá ọwọ́ tuntun, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Chansa: kí òun rí iṣẹ́ yìí, kí ìyá òun sì kúrò nídìí iná.

Ìdánwò tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Kí ìyá àgbà kan jókòó sórí àpótí, kí ó dìde. Kí ó má sọ̀rọ̀ rárá. Kí ẹni tó bá wò ó mọ irú èèyàn tó jẹ́ láti ara ìdìde rẹ̀.

Chansa kọ́kọ́ ṣe é láti inú orí ara rẹ̀. Ìyá àgbà náà dìde wéré bí ọmọge tó gbọ́ ìró orin. Ó pa á rẹ́. Ó gbé àpótí ìyá rẹ̀ síwájú ilé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó gbé fóònù lé orí bíríkì, ó sì pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ dìde."

"Ṣé kò sí ẹlòmíì tó ń jókòó ní Kitwe mọ́ ni?"

"Tiyín ni mo fẹ́."

Bana Chansa jókòó, ó dìde. Chansa ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Àbúrò ìyá rẹ̀, Mwaba, tí Chansa ń pè ní Ìyá Kékeré, ń gé ewé ọ̀dùnkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó yà yín, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo Zambia á wá mọ bí ìdí yín ṣe tó."

"Tìẹ ni ì bá yà, àpótí ni kò ní gbà á."

"Màámi, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún jókòó."

"Mo ti jókòó, mo ti dìde, mo ti jókòó! Kí lo fẹ́ fi gbogbo ìjókòó yìí ṣe, ọmọ yìí? Ṣé wàá tà á ni?"

"Tí Ọlọ́run bá gbọ́, Màámi, mà á tà á."

Nígbà tí wọ́n parí, Chansa gbé fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á níkọ̀ọ̀kan. Ó rí bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe ń fà sẹ́yìn sábẹ́ àpótí ná, bí orí ṣe ń lọ síwájú, tí ìdí á sì jẹ́ ohun tó gbẹ̀yìn láti kúrò lórí àpótí. Ó mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ti ọwọ́. Kí orí tó lọ síwájú, ọwọ́ òsì á kúrò lórí itan, á lọ sí abẹ́ ọmú ọ̀tún, á tẹ ibẹ̀ díẹ̀, á sì padà wálẹ̀. Ó yá débi pé ojú lásán kò lè mú un. Gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ dìde ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò yí padà rárá.

Chansa na ọwọ́ sókè nínú àga rẹ̀. Ó ti rí i! Ìyá àgbà gidi nìyí, oníṣòwò tó ń yẹ owó tó dì mọ́ àyà wò kó tó dìde, kó má bàa jábọ́. Ta ni kò mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Gbogbo ọjà Kitwe ló kún fún wọn.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Chansa ya ẹnu láti bi í léèrè, ó sì pa ẹnu dé. Òfin kan wà tó ti fi ìyà kọ́: ẹni tí o bá ń wò, má ṣe sọ ohun tó o rí lára rẹ̀ fún un. Bó bá ti mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe eré, nǹkan náà á sì bàjẹ́. Ó tún lè fẹ́ gba fídíò mìíràn lọ́la. Nítorí náà kò béèrè. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ya ọwọ́ yẹn, ó rí i dájú pé kò yá jù, kò falẹ̀ jù, ó sì fi ránṣẹ́ sí Lusaka.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Lombe, ọkùnrin pẹ́lẹ́ kan tí awò ojú rẹ̀ máa ń yọ́ wá sí imú, ló pè é fúnra rẹ̀. "Ọwọ́ yẹn!" ló wí. "Ìyá tó ń yẹ owó rẹ̀ wò! Níbo lo ti rí i?"

Ní ibùdókọ̀, Bana Chansa di ẹ̀pà yíyan fún un. Chansa ní kó má din nǹkan kan mọ́, bí owó àkọ́kọ́ bá ti wọlé, kó jókòó jẹ́ẹ́.

"O tún ti dé ọ̀rọ̀ ìjókòó," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì tì í wọ inú bọ́ọ̀sì.

Àwọn márùn-ún ni wọ́n jókòó sí yàrá kan ní Lusaka. Sitali, ọmọ ẹ̀yà Lozi tó ga bí òpó iná, ló wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kátúùnù tí wọ́n ń ṣe jẹ́ ti ìyá àgbà kan tó ń ta ọjà, tí ó sì máa ń fi ọgbọ́n gba àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́ ewu. Lombe ti pàṣẹ pé ọwọ́ yẹn ni kí wọ́n fi dá ìyá àgbà náà mọ̀: bó bá ti fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ yẹ owó wò. Ara Chansa yá gágá. Ó pe ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Màámi, ẹ ti dénú kátúùnù o! Wọ́n fẹ́ràn bẹ́ ẹ ṣe ń yẹ owó yín wò kẹ́ ẹ tó dìde."

"Owó wo?"

"Owó àyà yín. Ọwọ́ tẹ́ ẹ máa ń fi kan abẹ́ ọmú."

Chansa rò pé ìpè ti já. "Màámi?"

"Mo wà níbí." Lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni. Owó ni. Ojú tìẹ náà ti mú jù. Máa ṣiṣẹ́ ẹ."

Òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ nígbà tí Mwaba pè. Ẹ̀gbọ́n òun ṣubú nídìí iná, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù. Kókó kan ló wà lábẹ́ ọmú rẹ̀, ó ti jẹ wọ inú. Ó ti ń fi ìró chitenge dì í mọ́ra láti ìgbà pípẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé wọ́n tètè gbé e wá ni.

Nígbà tí Chansa dé ibùsùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti gbẹ bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ lásán ṣe.

"Ṣé wọ́n fún ọ láyè níbi iṣẹ́?"

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Wàá ta kọ̀ǹpútà yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi kọ́ ni mo bí ọ ni?"

"Mo rí i," ni Chansa wí. "Mo rí i ju gbogbo èèyàn lọ. Mo kà á. Mo yà á."

"Mo mọ̀ pé o rí i. Ọjọ́ tó o pè, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, ó tán, ọmọ yìí ti mú mi." Bana Chansa mí díẹ̀. "Lo bá ní owó ni! Owó! Níbo ni mo ti rí owó?" Ẹ̀rín gbé e, ó di ikọ́, nọ́ọ̀sì sì ní kí Chansa jáde ná.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Wọ́n kó gbogbo àga inú pálọ̀ jáde kí àwọn obìnrin tó wá ṣọ̀fọ̀ lè rí ilẹ̀ jókòó sí. Kọ̀ǹpútà Chansa bá àga jáde, ó wà lábẹ́ igi máńgòrò, aṣọ bò ó, àwọn ọkùnrin tó ń yáná sì ń gbé ife lé e lórí. Lórí ilẹ̀ pálọ̀, Mwaba di Chansa mú. Kò ní àwàdà kankan lẹ́nu.

"Èmi ni mò ń bá a gbé," ló ń wí. "Èmi ni mò ń bá a jẹ òkèlè nshima nínú àwo kan. N kò rí nǹkan kan."

Chansa fi ojú pamọ́ sí èjìká rẹ̀. Òun rí i.

Ó padà sí Lusaka lẹ́yìn ìsìnkú. Lombe fún un ní ibi tí ìyá àgbà ti dìde nídìí ọjà rẹ̀ láti lọ lé olè. Chansa jókòó tì í. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn sábẹ́ àpótí, ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí itan, ó mú un dé abẹ́ ọmú. Nígbà tí Lombe wá wò ó, ó tẹ̀ síwájú, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè.

"Chansa, èyí kì í ṣe owó. Ó ń dun ìyá yìí."

Chansa pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Ọwọ́ náà ń fúyẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti débẹ̀, á tẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó ń dí ojú ihò. Ó fi ẹ̀rín sí ìyá àgbà náà lójú. Ẹ̀rín náà mú un burú sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Lombe fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi í kí ló ṣẹlẹ̀, Chansa sì sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀.

Lombe bọ́ awò ojú. "Ká yọ ọ́," ló wí. "Ká yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo. N ó mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa."

Chansa ronú sí i. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kò sí ohun tó kù nínú kátúùnù náà tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà lọ́wọ́ òun, ìrora ni wọ́n á máa fi pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín.

"Ẹ má yọ ọ́, ọ̀gá," ló wí níkẹyìn. "Màámi ní owó ni. Wọ́n fẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ owó. Ṣùgbọ́n èmi ò lè ṣe é. Ẹ gbé e fún Sitali."

Sitali kò rí Bana Chansa rí. Ó gba ibẹ̀, ó ń súfèé, ó sì ṣe é láàárín ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó pe Chansa pé kó wá wò ó, ojú ń tì í díẹ̀.

"Ṣé ó dáa? Sọ òótọ́ fún mi o."

Ìyá àgbà náà wà lórí àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà, ó gbá ibẹ̀ pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń kí ọmọ kékeré, ó bá owó rẹ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde, ó sáré tẹ̀lé olè náà. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò sí ibi kankan tó ń dùn ún.

Chansa ní kó tún un fi hàn òun. Ó wò ó títí, ó ń nu omijé nù kó lè ríran.

"Ó dáa, Sitali," ló wí. "Má fọwọ́ kàn án mọ́."