Iná Ilé Àlájà Kúlísúmù

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ Télé Abeille wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín dúdú kan jáde, ó sì dákẹ́. Raliatou, ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, ń wò ó bí ẹni ń wo àna tó sùn lọ nídìí oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ "ọ̀gá" má tàn yín jẹ. Ènìyàn mẹ́ta péré ni gbogbo ẹ̀ka náà: òun, Sàdíà tó ń di kámẹ́rà mú, àti Moïse tó ń sọ bí eré ṣe ń lọ. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ka èsì bọ́ọ̀lù, láàárín ètò ojú ọjọ́ àti ètò oúnjẹ. Òní ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé eré jáde láti orí pápá, ẹgbẹ́ Williamsville àti ti Abobo, àṣekágbá ìdíje àwọn àdúgbò Abidjan. Ọ̀rọ̀ tí Madame Marie-Laure, olùdarí wọn, sì sọ láàárọ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: "Kò sẹ́ni tó ń wo eré ìdárayá lọ́dọ̀ wa, Raliatou. Bí àwòrán bá lọ lónìí, ẹ̀ka yín parí. Lọ́jọ́ Ajé, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ọjọ́."

Ni Raliatou bá wọ́ wáyà lọ sí ilé tó wà létí pápá. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta abọ́ lọ́jà Adjamé ló ni ín, Àlájà Kúlísúmù.

"Ẹ káàsán o, Àlájà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, iná la wá tọrọ. Tẹlifíṣọ̀n ni wá."

"Tẹlifíṣọ̀n náà ń tọrọ iná? Mo rò pé inú ẹ̀ ni ẹ̀ ń gbé."

Raliatou fipá rẹ́rìn-ín.

"Akim tó ń ṣọ́lé fún Williamsville, ọmọ mi ni," ni Àlájà wí. "Ẹ máa fojú ẹ̀ hàn?"

"Gbogbo Abidjan ló máa rí i, mà."

"Ó dáa. Iná wà. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé mọ́ ọn lórí, ẹ yí kámẹ́rà yín síbòmíì. Mi ò bí i kí gbogbo ọjà máa wò ó bó ṣe ń yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Bí ẹ ò bá yí i, màá fa wáyà yín yọ."

Àdúgbò Treichville ni wọ́n bí Raliatou sí. Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ. Ibi tó ti ń wá bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà, ẹnu rẹ̀ ti gbà fún un pé, "D'accord, mà."

Kò pẹ́ tí eré wọra tí ọmọ Abobo kan já wá síwájú Akim lóun nìkan. Raliatou sọ sí Sàdíà létí pé kó gbé kámẹ́rà sókè. Ìró ariwo góòlù ni gbogbo ìlú gbọ́. Ohun tí wọ́n rí ni lékèélékèé mẹ́rin tó ń fò lọ sí ọ̀sà. Moïse, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní, "Ẹ̀yin ará ilé, àwọn ẹyẹ náà... wọ́n ń gba ọwọ́ òsì lọ."

Fóònù dún.

"Raliatou, ẹyẹ ni mo rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Madame."

"Ṣé ẹyẹ ló gbá a wọlé?"

"Rárá, Madame."

"Bí kámẹ́rà yẹn bá tún kúrò lára bọ́ọ̀lù, ètò oúnjẹ ni màá gbé sí i lójú ẹsẹ̀."

Bí kámẹ́rà bá kúrò, ọbẹ̀ á wọlé. Bó bá dúró, iná á lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ Akim ni Raliatou ń wo wáyà kó tó wo pápá. Williamsville dá góòlù náà padà. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí eré parí ni rẹfirí fún Abobo ní pẹnáritì.

Raliatou sáré wọlé. Àlájà ti lóṣòó sídìí ògiri, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí wáyà.

"Ẹ ti yí i?"

"A ò yí i, mà."

"A jọ sọ ọ́."

"A sọ ọ́, mà. Irọ́ ni mo pa. Mo ti ní kí Sàdíà má yí i mọ́. Tí ẹ bá fà á, iṣẹ́ wa ti parí nìyẹn, àmọ́ mi ò ní bá yín jà."

Àlájà wò ó títí. "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Lìádì tó ń ta aṣọ ní Treichville."

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun náà lágídí. Lóṣòó síbí."

Wọ́n jọ lóṣòó. Ọwọ́ Àlájà kò kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kò fà á. Ọmọ Abobo náà fẹ̀yìn rìn lẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dúró. Ó sáré. Ó gbá a. Àlájà kò lè wò ó. Ó gbọn orí sẹ́yìn bí abiyamọ tó rí ọmọ rẹ̀ níwájú bọ́ọ̀sì gbaka tó ń sáré bọ̀, ibi tí orí lọ ni ọwọ́ bá a lọ.

Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn.

Àwọn méjèèjì wo wáyà tó wà lọ́wọ́ Àlájà.

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kéré.

Ariwo sọ níta, àmọ́ ariwo Abobo àti ti Williamsville, ọ̀kan náà ni láti ẹ̀yìn ògiri. Fóònù dún. Raliatou gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ ìdájọ́.

"Madame, mo mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé..."

"Ṣé ó wọlé?"

"Madame?"

"Bọ́ọ̀lù yẹn. Gbogbo fóònù iléeṣẹ́ ló ń dún. Láti Yopougon dé Port-Bouët ni wọ́n ti ń bú mi. Ọkùnrin kan ń sunkún sí mi létí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn pọ̀ tó báyìí lẹ́yìn yín. Ó wọlé tàbí kò wọlé?"

Raliatou kò mọ̀. Àmọ́ ọmọ oníṣòwò ni. "Ẹ jẹ́ ká máa gbé eré jáde ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Madame, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Raliatou ń gbọ́ bí àwọn fóònù iléeṣẹ́ ṣe ń dún lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta," ni Marie-Laure wí. "Ó yá."

Raliatou nawọ́ sí Àlájà. Àlájà tàsé ojú iná ara ògiri lẹ́ẹ̀mejì kí wáyà tó wọlé. Àwòrán dé. Ojú Akim ló kún un, erùpẹ̀ pupa títí dé ìpéǹpéjú. Ó tẹ̀ sínú àwọ̀n, ó ń yọ bọ́ọ̀lù.

"Ó wọlé," ni Marie-Laure wí létí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Raliatou kò lè wo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń retí kí òkùnkùn padà. Òkùnkùn kò dé. Akim ju bọ́ọ̀lù sáàárín pápá, ó pàtẹ́wọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀, ó ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n dìde.

"Wò ó," ni Àlájà wí. "Kò sunkún." Ó nu ọwọ́ sára ìró. "Ta ni ìyá tó ń pariwo nínú fóònù yẹn?"

"Ọ̀gá mi ni, mà."

"Sọ fún un kó dákẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú méjì."