Ọgbà Tí Kò Ní Ìkẹyìn

"Mi ò ní jókòó! Ẹ dá máàkì mi padà fún mi, tíṣà!"

Ohùn Fàlílátù, ìyá Toheeb, obìnrin tó ń hun àwọ̀n, fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù òrùlé. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, tó ń ti Ìkòròdú wá kọ́ àwọn àgbà ní ìṣirò ní Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo Sátidé, gbá pépà obìnrin náà mọ́ tábìlì. Mọ́kàndínlógójì. Ogójì ló ń gbé èèyàn wọ kíláàsì ìdánwò. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún kẹta rèé tí Fàlílátù ti ń gbọ́ "ọdún tó ń bọ̀".

Ìbéèrè kan ló gbé e ṣubú: wọ́n ri òpó mẹ́rìnlélógún yí ọgbà ẹja ká nínú ọ̀sà, àlàfo mélòó ló wà láàárín wọn? Ó kọ mẹ́rìnlélógún. Tíṣà wọ́gi lé e.

"Ìyá Toheeb, ṣebí a jọ ṣe é lójú pátákó? Òpó mẹ́ta, àlàfo méjì. Márùn-ún, mẹ́rin. Mẹ́wàá, mẹ́sàn-án. Ẹ yọ ọ̀kan, ó parí. Òfin ni."

"Òfin ọgbà tó nà gbọọrọ nìyẹn! Èyí yípo. Tí a bá ṣe tiyín nínú ọ̀sà wa ní Èjìnrìn, ojú ibi tẹ́ ẹ yọ yẹn lẹja máa gbà lọ sílé ẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rín kọ́ nìṣirò. Ẹ fi hàn mí."

Fàlílátù ní kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó kù dìde, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo. "Ẹ ka orí. Ẹ ka ibi tọ́wọ́ ti pàdé."

Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án.

Ajíbóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ti mẹ́sàn-án nìyẹn. Ta ló sọ fún yín pé mẹ́rìnlélógún á rí bẹ́ẹ̀?"

Fàlílátù tẹjú mọ́ àwọn ọwọ́ náà. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń na àwọ̀n yí ọgbà ẹja ká nìyẹn: tó bá dé ìdí òpó kan, á so àwọ̀n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, á wá bọ́ sí ìkejì.

"Tíṣà, kálukú ló ni àlàfo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní méjì. Tí wọ́n bá tò gbọọrọ, ẹni ìkẹyìn ò ní rẹ́ni dì mú; òun lọ̀kan tẹ́ ẹ̀ ń yọ. Tí wọ́n bá yípo, ta ni ìkẹyìn? Ẹ kó gbogbo Ẹ̀pẹ́ wá, kí wọ́n dúró yípo. Ẹ fi ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ṣófo hàn mí!"

Ajíbóyè fa pépà náà mọ́ra, ó fi bíìrò pupa fa igi gba mọ́kàndínlógójì kọjá, ó kọ ogójì.