Ta Ló Ni Ilé Titirou?

"Ó wá ku ilé Titirou," Bàbá Tìjáànì wí, ó sì ká tẹ̀sùbáà mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ogún Alájì Sàífùlláhì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ń pín. Wọ́n ti pín ìsọ̀ aṣọ tó wà lọ́jà. Wọ́n ti pín màlúù mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ Fúlàní kan ní ojú ọ̀nà N'Dali. Wọ́n tilẹ̀ ti pín ọ̀kadà àtijọ́ tí Alájì Sàífùlláhì kò lè gùn mọ́ kó tó kú. Gbogbo rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè sí ẹnì kejì. Àmọ́ eléyìí tó tóbi jù ni wọ́n fi sẹ́yìn, bí ọmọdé ti í fi ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo títí oúnjẹ á fi tán.

Orí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn yàrá ni Sìdíkátù jókòó sí. Òun nìkan ni ọmọbìnrin tí olóògbé bí. Àràmọ́tù, ìyá rẹ̀, wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ilẹ̀kùn náà, nítorí opó ni, kò sì tíì tó àsìkò tí yóò jáde wá jókòó láàárín ọkùnrin. Bó ṣe ń mí ni Sìdíkátù ń gbọ́.

"Bàbá, ilé yẹn ò sí lára ogún," Sàlmànù wí. "Èmi ni mo rà á."

Ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ ni Sàlmànù. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ló ń gbé, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń wà níbẹ̀. Ó ti wá láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ojoojúmọ́ ló sì fi ń jókòó láàárín wọn bí àlejò, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀.

Awwal, ọmọ ìyá Sìdíkátù, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo wa kọ́ la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn lé Bàbá lọ́wọ́? Gbogbo àdúgbò wa ní Albarika ló ṣàmín!"

Kì í ṣe irọ́. Nínú ìdílé wọn, ọmọ kì í pe ilé ní tòun nígbà tí bàbá rẹ̀ bá wà láyé. Bó kọ́ ọ ni o, bó rà á ni o, ilé bàbá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ àdúà ìṣílé, Sàlmànù kúnlẹ̀ nínú eruku níwájú gbogbo èèyàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún Alájì, ó ní, "Bàbá, ilé yín rèé." Alájì ló ṣílẹ̀kùn, òun ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ká ní Sàlmànù sọ lọ́jọ́ náà pé ilé òun ni, wọn ì bá ní àwọn òyìnbó ti gba orí ọmọ Alájì lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà tó dáa ni, bí kò bá ti sí ikú.

Áfà Àbdùlhàfíìsì, tí wọ́n pè wá pín ogún, kò yára sọ̀rọ̀. Èèyàn tín-ín-rín ni, ó sì máa ń pa ojú dé kó tó dáhùn.

"Ẹ̀bùn tí èèyàn bá fúnni, tẹ́ni tá a fún bá ti gbà á, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bó bá kú, ogún ni. Pàpíyé ilé náà ńkọ́, orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ̀?"

"Orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀," Sàlmànù wí. "Mi ò sí nílé nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Bàbá ló bá mi dúró."

"Ta ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn lọkatẹ́ẹ̀ tó háyà yàrá níbẹ̀?"

"Sìdíkátù ni. Èmi ló ń fi í ránṣẹ́ sí."

"Lẹ́yìn tó bá ti ra oògùn Bàbá nínú rẹ̀ tán!" Awwal wí. "Ṣé mo purọ́?"

Kò purọ́. Sàlmànù fúnra rẹ̀ ló ní kí Sìdíkátù máa ra oògùn náà níbẹ̀.

"Ẹyin lohùn," Bàbá Tìjáànì wí. Òun ni àgbà ìdílé báyìí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Sàlmànù, ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Áfà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa ilé náà, kó wá wí i nígbà yẹn.

Sìdíkátù mọ nǹkan kan.

*

Ní ọjọ́ kejì, Sàlmànù ní kí Sìdíkátù sin òun lọ sí Titirou, àdúgbò tuntun kan ní ẹ̀yìn ìlú Parakou. Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé náà, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, igi máńgòrò kan wà ní ìsàlẹ̀ àgbàlá. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbé ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń sá aṣọ kí wọn, ó ní, "Bọ́nzúù, tàtá," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ẹ̀rọ omi fún Sìdíkátù. Kò tilẹ̀ wo Sàlmànù. Ta ni ó mọ̀ ọ́n sí?

Sàlmànù ń fọwọ́ kan ògiri kiri. Ó ń tiro díẹ̀.

"Àwọn ará wa tá a jọ wà ní Lyon ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ó wí. "Wọ́n ní ká má jẹ́ kówó wa gbó sọ́wọ́ àwọn òyìnbó, ká lọ ra ilé síbi tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò. Àwọn kan ra ti Kigali, àwọn kan ra ti Dakar, ibi tí wọn ò fojú rí rí. Mo ní, kí ni mo mọ̀ ní Kigali? Parakou ni mo mọ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, yàrá ò sì tó wọn. Mo ní tìlú mi ò lè já mi kulẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Orúnkún mi yìí ti bàjẹ́, Sìdíkátù. Dókítà ti ní n má wa ọkọ̀ ńlá mọ́. Bánkì tí mo yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Owó ilé yìí ni èmi àti Hùdá ìyàwó mi fẹ́ máa fi jẹun bí mo bá fẹ̀yìn tì. A ò ní òmíràn."

Àánú rẹ̀ ṣe Sìdíkátù. Kò mọ̀ pé àwọn tó ń gbé ilẹ̀ Faransé náà máa ń ṣírò oúnjẹ ọ̀la báyìí.

"Bàbá ò sọ nǹkan kan fún ọ rí?" Sàlmànù bi í. "Nípa ilé yìí? Ohunkóhun?"

Sìdíkátù wolẹ̀. Ó ronú kan ìyá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n rò ó wò, Ẹ̀gbọ́n."

Sàlmànù wò ó títí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló dun Sìdíkátù jù, pé kò bẹ òun.

*

Ohun tó mọ̀ kò gùn. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣílé, nígbà tí àlejò ti túká, Alájì pè é wọ yàrá, ó bọ́ fìlà, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Gbà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó buyì fún mi lójú ayé, mo sì gbà á, ó tó bẹ́ẹ̀. Bá a máa mójú tó o. Mi ò fẹ́ kówó ibẹ̀ wọ àpò mi." Ìyá rẹ̀ wà ní ìdí ibùsùn níbẹ̀, ó ń ká aṣọ.

Kí ló dé tí Alájì kò sọ ọ́ fún ẹlòmíì? Sìdíkátù mọ̀ ọ́n, inú sì ń bí i sí òkú bàbá rẹ̀. Ó dùn mọ́ Alájì bí wọ́n ṣe ń kí i ní mọ́ṣáláṣí pé "Alájì onílé Titirou." Ó gbádùn rẹ̀ títí ó fi kú, ó wá fi ìjà sílẹ̀ fún wọn.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Sìdíkátù gbé ẹ̀kọ wọlé fún ìyá rẹ̀, ó jókòó.

"Màmá, ẹ rántí ohun tí Bàbá wí lálẹ́ ọjọ́ ìṣílé?"

"Orí mi ti gbó. Mi ò rántí gbogbo nǹkan mọ́."

"Ẹ ò gbàgbé gbèsè ata ọdún tó kọjá, Màmá."

Àràmọ́tù kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí àjà yàrá, níbi tí omi òjò ti ya àwòrán sí. "Láti ìgbà wo ni mo ti ń fi igbá gbe omi òjò nínú yàrá yìí? Ilé bàbá wọn nìyí, gbogbo wọn ló ni ín, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi tún un ṣe. Awwal ti ní bí ilé Titirou bá bọ́ sínú ogún, yàrá méjì tó kọjú sí igi máńgòrò yẹn, èmi ló ni ín. Lẹ́yìn opó mi, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ìwọ náà á rí tìẹ níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Kí lo wá fẹ́ wí fún wọn?"

"Ohun tí Bàbá wí."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí ògiri. "Nígbà náà, lọ wí tìẹ. Má fi tèmi kún un."

*

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Sìdíkátù sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi ẹyọ kan kún un.

Awwal fò dìde. "Sìdíkátù! Ìyá wa lò ń lé síta yẹn o!"

"Jókòó," Bàbá Tìjáànì wí. Ó yíjú sí Áfà. "Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo, lórí odidi ilé?"

Áfà pa ojú dé. "Òótọ́ ni. Obìnrin kan kò tó. Sìdíkátù, ta ló tún wà níbẹ̀?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Kọ́tìnnì kan ẹ̀yìn rẹ̀ bí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ.

"Mi ò lè sọ, Áfà."

"O ò mọ̀ ni, àbí o ò lè sọ?"

"Mi ò lè sọ."

Sàlmànù tẹrí ba. "Ẹ jẹ́ ó máa lọ," ó wí. "Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé tú wa ká. Ẹ pín in." Ohùn rẹ̀ kò jalẹ̀ dáadáa. Bàbá Tìjáànì mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Èmi ni mo wà níbẹ̀," Àràmọ́tù wí láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Gbogbo wọn yíjú sí kọ́tìnnì.

"Mo ń ká aṣọ. Bí ọmọ yẹn ṣe wí i ni olówó orí mi wí i. Ó ní òun ò fẹ́ kówó ibẹ̀ wọ àpò òun. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀ láti àná, kò ṣeé gbàgbé."

Awwal pariwo, "Màmá!"

"Kí ni? Ṣé kí n máa gbé ibi tí ọkọ mi ní kì í ṣe tòun ni?"

Áfà la ojú. Ó ní bí ẹ̀rí obìnrin méjì bá pé, tí ẹni tó ní òun ló ni nǹkan bá sì búra lé e, ó tó. Sàlmànù búra. Áfà ní ilé Titirou kò sí nínú ogún Alájì Sàífùlláhì. Bàbá Tìjáànì ní ó dáa, kò sì dáa lójú rẹ̀. Awwal fi ìbínú jáde, ó wọ bàtà Bàbá Tìjáànì lọ.

Sàlmànù fi orúnkún tó ń dùn ún wọ́ dé iwájú kọ́tìnnì. Omi ti lé sí i lójú.

"Ìyá, ẹ ṣé. Ọlọ́run á dá yín sí. Yàrá méjì tó kọjú sí igi máńgòrò yẹn, láti òní lọ, tiyín ni."

"Má wí bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wí, Ìyá?"

"Mo ní má wí bẹ́ẹ̀! Irú ọ̀rọ̀ yẹn ló kó gbogbo wa jókòó síbí. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, Awwal á tún pe Áfà wá. Sọ pé ilé rẹ ni, kó o wá ní kí n máa gbé inú rẹ̀. Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Sàlmànù wo Bàbá Tìjáànì, ó wo Áfà. Òógùn bò ó. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ńlá láàárín àwọn òyìnbó, gbólóhùn kan ṣoṣo wúwo lẹ́nu rẹ̀ níwájú àgbà ilé rẹ̀.

"Ilé mi ni," ó wí. "Ìyá, ẹ wá máa gbé inú rẹ̀."

"Mo gbọ́. Èló ni yàrá kan níbẹ̀?"

Sàlmànù la ẹnu láti sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n Sìdíkátù ló ń gbowó ilé, òun ló sì dáhùn ṣáájú rẹ̀. Iye tí àwọn ọmọ yunifásítì ń san gan-an ló pè fún ìyá rẹ̀, kò yọ fáráńkì kan kúrò níbẹ̀. Àràmọ́tù ní ó dáa, òun á máa san án.